Kẹ̀kẹ́ Lójú Ọ̀nà Igbó

Ọ̀nà ọ̀dà ti Àjàṣẹ́ wá, ó gba Sakété kọjá, ó dé Pobẹ̀. Ṣùgbọ́n oko kò sí létí ọ̀dà. Ẹni tí oko rẹ̀ wà lẹ́yìn igbó ọ̀pẹ, tàbí tí ó wà ní ìhà Ọ̀họ̀rí, mọ̀ pé ibi tí ọ̀dà parí sí ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà tóóró ni láti ibẹ̀ lọ. Gbòǹgbò igi dá a kọjá. Àgbàrá òjò ti gbẹ́ ẹ ní àárín. Ojú ọ̀nà yìí ni àgbẹ̀ ń gbà lọ sí oko. Òun ni ọmọdé ń gbà lọ sí ilé ìwé. Òun náà ni àwọn ìyá wa ń gbà gbé epo pupa lọ sí ọjà.

Ní ayé ìjọba Faransé, ọkọ̀ ojú irin máa ń ti Àjàṣẹ́ gba Sakété wá sí Pobẹ̀. Ọkọ̀ náà kò rìn mọ́. Alùpùpù ló pọ̀ lónìí, ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ kò fi oko sílẹ̀. Kẹ̀kẹ́ kì í mu bẹntiróòlù. Ó ń gba ibi tí mọ́tò kò lè gbà. Ẹni tí ó lè ru bídọ́ọ̀nì epo kan lórí lè fi kẹ̀kẹ́ gbé méjì, kí ó sì tètè dé ọjà.

Àmọ́ ẹ jẹ́ kí a ro ó dáadáa. Bí àgbẹ̀ bá ti orí kẹ̀kẹ́ ṣubú ní oṣù kẹrin, tí apá rẹ̀ kán, ta ni yóò gbin àgbàdo? Eegun tí ó kán kì í tètè jinná. Ọdún kan ti lọ nìyẹn nínú ilé náà. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe ń gun kẹ̀kẹ́ nínú igbó. Ọ̀pọ̀ ló rò pé agbára ẹsẹ̀ ni ó ń mú oníkẹ̀kẹ́ délé. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ìjánu ni, èyí tí ọ̀pọ̀ ń pè ní bíréèkì.

Àwọn tí wọ́n ń sáré láti orí òkè

Ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ní ìpínlẹ̀ California, òkè kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Tamalpais. Ní àwọn ọdún 1970, àwọn ọ̀dọ́ kan níbẹ̀ ń wá ògbólógbòó kẹ̀kẹ́ tí táyà rẹ̀ tóbi. Wọ́n á gbé e lọ sí orí òkè, wọ́n á sì sáré bọ̀ wá sílẹ̀ lójú ọ̀nà eruku. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1976, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìdíje kan nítòsí ìlú Fairfax. Wọ́n pè é ní Repack.

Kí ló fa orúkọ yìí? Ìjánu àwọn kẹ̀kẹ́ náà wà nínú àárín ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Ẹni tí ó gùn ún ní láti fi ẹsẹ̀ tẹ pẹdáàlì sẹ́yìn kí kẹ̀kẹ́ tó dúró. Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ báyìí láti òkè dé ìsàlẹ̀, irin náà á gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí gíríìsì inú rẹ̀ á yọ́, tí á sì di èéfín. Tí wọ́n bá dé ìsàlẹ̀, àfi kí wọ́n tú u palẹ̀, kí wọ́n tún gíríìsì mìíràn dì sínú rẹ̀. Ìtumọ̀ orúkọ náà nìyẹn: kí a tún un dì.

Láti inú eré yìí ni irú kẹ̀kẹ́ tí àwọn Faransé ń pè ní VTT ti jáde, ìyẹn kẹ̀kẹ́ tí ó ń gba ilẹ̀ gbogbo. Ní ọdún 1996, ó wọ inú eré Òlíḿpíìkì tí wọ́n ṣe ní Atlanta. Ẹ̀yin náà ti rí VTT àlòkù lọ́jà. Táyà rẹ̀ nípọn, ojú táyà rẹ̀ sì rí págunpàgun.

Ohun mìíràn ṣẹlẹ̀ ní òkè Tamalpais tí ó yẹ kí a gbọ́. Àwọn tí ń fẹsẹ̀ rìn níbẹ̀ àti àwọn tí ń gun ẹṣin bínú sí àwọn oníkẹ̀kẹ́, nítorí wọ́n ń já lu ènìyàn lójijì ní kọ́nà. Ìjọba ti àwọn ọ̀nà kan mọ́ wọn. Ní ọdún 1988, àwọn ẹgbẹ́ oníkẹ̀kẹ́ California kó ara wọn jọ láti kọ́ ọmọ ẹgbẹ́ wọn ní ìwà: kí wọ́n yà fún ẹlẹ́sẹ̀, kí wọ́n má wọ ọ̀nà tí a tì, kí wọ́n má ba ilẹ̀ jẹ́, kí wọ́n má sì dẹ́rù ba ẹran. Àwọn òfin wọ̀nyí bá tiwa mu, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé eré ni wọ́n ń ṣe ní tiwọn. Wọn kò di bídọ́ọ̀nì sẹ́yìn.

Kí a tó kúrò nílé

Nǹkan mẹ́ta ni kí ẹ wò ní àràárọ̀: afẹ́fẹ́ inú táyà, ìjánu, àti ṣéènì.

Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ táyà. Tí ẹ óò bá gbé ẹrù, kí ó le. Táyà tí ó rọ̀ lábẹ́ ẹrù máa ń jẹ́ kí irin ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ gbá gbòǹgbò, irin á sì wọ́. Tí ẹ kò bá gbé nǹkan kan, ó lè rọ̀ díẹ̀, yóò di ilẹ̀ mú dáadáa.

Lẹ́yìn náà, ẹ fún ìjánu iwájú, kí ẹ sì ti kẹ̀kẹ́ síwájú. Kò gbọdọ̀ lọ. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ti ẹ̀yìn. Tí irin tí ẹ ń fún bá ń kan ọwọ́ kẹ̀kẹ́ kí kẹ̀kẹ́ tó dúró, okùn rẹ̀ ti fà. Ẹ wo rọ́bà tí ń mú irin náà. Bí ó bá ti jẹ tán, kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ náà. A ti rí àwọn tí wọ́n gé bàtà àtijọ́ dí i. Ó sàn ju kí ó wà lófìfo lọ, ṣùgbọ́n kò lè mú kẹ̀kẹ́ tí ó gbé ẹrù dúró. Owó rọ́bà ìjánu kéré, ó kéré gan-an sí owó ilé ìwòsàn.

Ṣéènì tí ó gbẹ tàbí tí ó rọ̀ jù lè já bọ́ nígbà tí ẹ bá ń gun òkè. Ẹ fi òróró díẹ̀ sí i. Ẹ má fi epo pupa sí i o, ó ń di mọ́ ọn, ó sì ń kó yanrìn jọ.

Tí ẹ bá fẹ́ ra VTT àlòkù, ẹ má jẹ́ kí ọ̀dà dídán tàn yín jẹ. Àwọn kan ní sípíríǹgì níwájú àti láàárín. Ó dùn wò lójú. Ṣùgbọ́n sípíríǹgì olówó pọ́ọ́kú kàn ń wúwo lásán ni, tí ó bá sì bàjẹ́, atúnkẹ̀kẹ́ṣe abúlé kò ní rí ohun tí yóò fi tún un ṣe. Ẹ wo ìjánu rẹ̀. Ẹ yí ẹsẹ̀ rẹ̀ lófuurufú kí ẹ mọ̀ bóyá ó wọ́. Èmi yóò yan kẹ̀kẹ́ tí kò lẹ́wà tí ìjánu rẹ̀ méjèèjì ń mú.

Ẹrù

Bídọ́ọ̀nì epo pupa tí ó gba lítà 25 wúwo tó kílò 23. Méjì rẹ̀ sún mọ́ àpò sìmẹ́ǹtì kan. Tí gbogbo ẹrù yìí bá wà lẹ́yìn, tí ó sì ga sókè, ẹsẹ̀ iwájú á fúyẹ́, ọwọ́ kẹ̀kẹ́ á máa mì, kò sì ní gbọ́ràn mọ́. Ẹ so ẹrù kọ́ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí ó wà nílẹ̀, kí ìwúwo apá ọ̀tún dọ́gba pẹ̀lú ti òsì. Ẹ fi okùn rọ́bà tí a gé lára táyà inú dì í pinpin. Okùn tí ó bá rọ̀ á bọ́ sínú ẹsẹ̀ ẹ̀yìn.

Ẹrù kan wà tí a kò lè dákẹ́ lé lórí. Ààlà Nàìjíríà kò jìnnà sí wa, àwọn ọ̀dọ́ sì ń gba ọ̀nà igbó gbé bẹntiróòlù kpayo. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, iná sọ ní Sèmè-Kraké níbi tí wọ́n kó irú epo yìí pa mọ́ sí. Ènìyàn tí ó kú lé ní ọgbọ̀n. Bí kẹ̀kẹ́ tí ó gbé epo pupa bá ṣubú, owó ló sọnù. Bí bẹntiróòlù bá dà sí ènìyàn lára, iná sìgá kan péré ti tó.

Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú ni ibi tí ilẹ̀ ti dà gẹ̀rẹ́. Ẹ dín eré kù kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tí ó dúró di àárín gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kí ó tó ronú kan ìjánu ti pẹ́ jù. Ẹ sún ìdí sẹ́yìn lórí ìjókòó. Ẹ kọ́kọ́ fún ìjánu ẹ̀yìn, kí ẹ wá fi ti iwájú kún un díẹ̀díẹ̀. Ìjánu iwájú ló lágbára jù, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fún un lójijì lórí ilẹ̀ pupa tí òjò pa, tàbí lórí ewé jíjẹrà, ẹsẹ̀ iwájú á yọ̀, ẹ óò sì fi orí sọlẹ̀.

Òjò ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Irin ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ tí omi bá wà lára rẹ̀ kì í gbọ́ràn, pàápàá irin dídán ti àwọn kẹ̀kẹ́ àtijọ́. Ẹ óò fún ìjánu, kẹ̀kẹ́ á ṣì máa lọ. Nítorí náà, tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ la omi kọjá, ẹ fún ìjánu fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́rẹ́ nígbà tí ilẹ̀ ṣì tẹ́jú, kí rọ́bà lè nu omi náà kúrò. Kí ẹ tó dé ibi tí ó dà gẹ̀rẹ́, ẹ ti mọ̀ bóyá ìjánu ń mú.

Tí ẹ bá dé ibi tí gbòǹgbò ti dá ọ̀nà kọjá, ẹ dojú kọ ọ́ ní tààrà. Táyà tí ó bá gun gbòǹgbò tútù ní ìbú á yọ̀. Ẹ má tẹjú mọ́ kòtò, nítorí ibi tí ojú bá ń wò ni kẹ̀kẹ́ ń tọ̀. Ẹ wo ibi tí ẹ fẹ́ gbà.

Tí ẹrù bá wúwo, ẹ sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ máa tì í. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ẹ dúró ní apá òkè, kí kẹ̀kẹ́ wà ní apá ìsàlẹ̀, tí ó bá ṣubú kò ní wó lù yín. Bákan náà ni lórí igi tí wọ́n tẹ́ dá odò: ẹsẹ̀ ni kí ẹ fi kọjá.

Ilẹ̀ dúdú Ọ̀họ̀rí

Ilẹ̀ pupa Sakété àti ti Pobẹ̀ ń yọ̀ nígbà òjò, ṣùgbọ́n ó ṣeé gbà. Tí ẹ bá gba ìhà àríwá sọ̀ kalẹ̀ sí Ọ̀họ̀rí, ilẹ̀ á yí padà. Amọ̀ dúdú ni. Ilẹ̀ ọlọ́ràá ni fún oko, ọ̀tá sì ni fún kẹ̀kẹ́. Tí òjò bá ti rọ̀ sí i, á lẹ̀ mọ́ táyà, á kún abẹ́ mọ́gáàdì, ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ kò sì ní yí mọ́. Ẹni tí ó bá ń fi agbára tẹ̀ ẹ́ lọ á já ṣéènì rẹ̀. Ẹ mú igi ṣóńṣó kan dání láti máa ha amọ̀ náà. Àwọn tí ń gbé ibẹ̀ máa ń yọ mọ́gáàdì kúrò pátápátá ní ìgbà òjò. Aṣọ á dọ̀tí, ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ á rìn. Nígbà mìíràn, èjìká ni kẹ̀kẹ́ yóò gùn.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ilẹ̀ kan náà yìí á là. Ojú lílà náà lè gba táyà. Ẹni tí ó bá ń sáré lórí rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ojú kò ríran dáadáa mọ́, ń wá ìjàm̀bá.

Àwọn ẹlòmíràn lójú ọ̀nà

Ìyá tí ó ru ẹrù sórí kò lè yí ọrùn padà lójijì. Tí ẹ bá lu aago lẹ́yìn rẹ̀ gan-an, ẹ̀rù á bà á, ẹrù á sì já bọ́. Ẹ dín eré kù láti òkèèrè. Ẹ kí i: “Ẹ kú ọ̀nà o, Ìyá. Mo ń bọ̀ lẹ́yìn yín o.” Á mọ apá ibi tí òun yóò yà sí, á sì dá yín lóhùn. Ìkíni yìí dára ju aago lọ. Tí kò bá sí àyè, ẹ̀yin oníkẹ̀kẹ́ ni kí ẹ sọ̀ kalẹ̀, nítorí ẹrù kò sí lórí yín.

Ní Pobẹ̀, igbó kan ṣẹ́kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé iṣẹ́ ìwádìí ọ̀pẹ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1922. Ó wà lára ìwọ̀nba igbó dúdú tí ó kù ní gúúsù Bẹ̀nẹ̀. Igbó ìjọba ni. Ẹ má la ọ̀nà tuntun nínú rẹ̀ nítorí pé kòtò wà lójú ọ̀nà àtijọ́. Ọ̀nà tuntun tí kẹ̀kẹ́ mẹ́wàá bá gbà á di ojú àgbàrá tí òjò bá dé, ilẹ̀ á sì ṣí kúrò nídìí igi.

Ìjọba nìkan kọ́ ló ń ti ọ̀nà ní agbègbè wa. Ọjọ́ Orò wà. Tí wọ́n bá ti kéde, ẹ gba ọ̀nà mìíràn, bí ó tilẹ̀ jìn. Àlejò lè má gbọ́ ìkéde náà. Kí ó béèrè ní abúlé tí ó wà lẹ́nu igbó kí ó tó wọlé.

Ọmọdé àti aṣọ

Ọ̀pọ̀ ọmọdé ló ń fi kẹ̀kẹ́ bàbá wọn kọ́ gígùn. Ìjókòó ga jù, nítorí náà wọ́n á ti ẹsẹ̀ kan bọ abẹ́ irin àárín, wọ́n á sì máa wa kẹ̀kẹ́ ní ìdà kejì ara. Nínú ọgbà ilé, kò burú. Ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ igbó, ó burú gan-an, torí ọwọ́ wọn kì í tó ìjánu.

Èyí tí ó tún wọ́pọ̀ jù ni ti ọmọ tí a gbé sẹ́yìn. Á sùn lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ á yọ́ wọ àárín àwọn wáyà ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́. Gìgísẹ̀ ni ó máa ń gé. Egbò ibẹ̀ kì í tètè jinná. Ẹ kan pákó pẹlẹbẹ mọ́ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, tàbí kí ẹ fi àpò ìrẹsì bo wáyà náà. Kò gbà ju wákàtí kan lọ.

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ ká ìró sókè, kí ẹ sì dì í mọ́ra. Etí ìró tí ṣéènì bá gbé á fa obìnrin lulẹ̀.

Ní ti orí, akoto tí wọ́n ń dé lórí alùpùpù gbóná, ó sì wúwo fún ẹni tí ń tẹ kẹ̀kẹ́. Èyí tí wọ́n ṣe fún kẹ̀kẹ́ fúyẹ́, ó sì ní ihò tí atẹ́gùn ń gbà wọlé. Tí ẹ bá rí i lọ́jà àlòkù, tí kò sì sán, ẹ rà á fún ọmọ tí ń lọ sí ilé ìwé. Fìlà kò gba orí lọ́wọ́ òkúta.

Bí ẹnìkan bá ṣubú

Ẹ má sáré fà á dìde. Ẹ bá a sọ̀rọ̀ ná. Tí ó bá ní ọrùn tàbí ẹ̀yìn ń dun òun, tàbí tí kò bá lè gbé ẹsẹ̀, ẹ má gbé e jókòó sáàárín ènìyàn méjì lórí alùpùpù. Ọ̀pọ̀ ló ti tipa báyìí yarọ. Ẹ wá pákó tàbí ìlẹ̀kùn, ẹ tẹ́ ẹ sórí rẹ̀ gbọọrọ, kí ẹnìkan di orí rẹ̀ mú.

Tí ó bá fi orí gbá ilẹ̀, tí ó wá ń bì, tí oorun ń kùn ún lójú ọ̀sán, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ dàrú, tàbí tí omi tàbí ẹ̀jẹ̀ ń jáde ní etí rẹ̀, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, bí ó tilẹ̀ ń sọ pé kò sí nǹkan kan.

Egbò kékeré náà kò ṣeé fojú di. Ẹ fi omi mímọ́ àti ọṣẹ fọ̀ ọ́ títí yanrìn yóò fi kúrò. Ẹ má fi ìgbẹ́ màlúù sí i, ẹ má fi bẹntiróòlù sí i. Ẹ béèrè abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì ní ilé ìlera. Àìsàn yìí ń de ẹnu pa, ó ń mú ara le bí igi, ó sì ń pani.

Ní agbègbè wa, àrùn Buruli tún wà. Ó wọ́pọ̀ ní ibi tí omi ti rọra ń ṣàn àti ní ilẹ̀ àbàtà. Ó lè bẹ̀rẹ̀ bíi kókó kékeré lábẹ́ awọ, tí kì í sábà dunni. Nítorí pé kò dunni, àwọn ènìyàn kì í kà á sí. Lẹ́yìn náà ni awọ á bẹ́, egbò á sì máa fẹ̀. Tí ẹ bá rí irú kókó bẹ́ẹ̀, yálà ẹ ṣubú tàbí ẹ kò ṣubú, ẹ lọ sí Pobẹ̀. Ilé ìtọ́jú kan wà níbẹ̀ fún àrùn yìí láti ọdún 2003. Tí ẹ bá tètè dé, oògùn ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ lè wò ó sàn láìsí pé wọ́n ń gé ẹran ara.

Ejò ńkọ́? Paramọ́lẹ̀ máa ń sùn sójú ọ̀nà ní ìrọ̀lẹ́, kì í sì í sá fún ènìyàn. Ẹ so tọ́ọ̀ṣì mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́. Tí ó bá ṣán ẹnìkan, ẹ má gé ojú ibẹ̀, ẹ má fi okùn dè é. Kí ó má fi ẹsẹ̀ náà rìn, kí ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá.

Ọ̀nà tí ń gba ìtọ́jú

Oṣù kejì ló dára jù láti tún ọ̀nà oko ṣe, kí òjò àkọ́kọ́ tó dé. Kí àwọn tí ọ̀nà kan kàn ṣe òwè. Ẹ kọ́kọ́ gé ewéko ní àwọn kọ́nà, kí oníkẹ̀kẹ́ àti ẹlẹ́sẹ̀ lè rí ara wọn láti ọ̀nà jíjìn. Ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ẹ má kàn kó erùpẹ̀ sí ojú àgbàrá, òjò kan ló máa gbé e lọ. Ẹ tẹ́ igi gbọọrọ dá ọ̀nà ní ìdábùú, kí ẹ rì í mọ́lẹ̀ dáadáa tí orí rẹ̀ kò fi ní yọ sókè gbá táyà, kí ẹ sì gbẹ́ ojú omi sí ẹ̀gbẹ́ lókè rẹ̀, kí àgbàrá lè yà sínú igbó. Lórí afárá odò, igi kan kò tó. Ẹ fi méjì tàbí mẹ́ta so pọ̀, kí ẹ sì ri igi kan mọ́lẹ̀ ní òró sí etí rẹ̀, tí ẹni tí ń ti kẹ̀kẹ́ kọjá yóò máa dì mú.